Ẹrù Tó Wà Lọ́rùn Running Back: Ohun Tí Okoye, Ajayi àti Faulk Fi Hàn Wá

Bọ́ọ̀lù tí ìlú Minna mọ̀ dunjú ni ti ẹsẹ̀, èyí tí Niger Tornadoes ń gbá. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń há mọ́ abíyá sáré, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Ó kàn wá, nítorí pé ọmọ wa ti gbá a dé òkè téńté, àti nítorí pé NFL, àjọ tó ń darí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tìkára rẹ̀ wá sí Accra lọ́dún 2022 láti wo àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tó lè gbá a. Òbí tí irú wọn bá wá bá nítorí ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe fún ara.

Nínú gbogbo ipò orí pápá náà, ti running back ló ń gba ìyà jù lójú mi. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe. Wọ́n lè ki bọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó fi já àárín àwọn géńdé tí ọ̀pọ̀ wọn wọ̀n ju kílò 130 lọ. Wọ́n lè ju bọ́ọ̀lù sí i ní gbangba kó hán an. Ó sì lè dúró dáàbò bo quarterback tó ń jù ú. Àwọn oníṣirò máa ń ro gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù kàn án pọ̀, wọ́n á ní èyí ni ẹrù rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Alábàárù ọjà Kure ní Minna mọ̀ pé àpò sìmẹ́ǹtì kan àti agbọ̀n tòmátì kan kì í ṣe ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn kọ̀ọ̀kan náà ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kí running back máa hán bọ́ọ̀lù, kí wọ́n dín iye ìgbà tó ń já àárín èrò kù. Kó jẹ́ pàṣípààrọ̀, kó má jẹ́ àfikún.

Ẹ wo Christian Okoye, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní Enugu ní 1961. Eré ìdárayá tó ní jíju discus nínú ló gbé e dé yunifásítì Azusa Pacific ní California, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nígbà tó ti di géńdé. Lọ́dún 1989, Kansas City Chiefs gbé bọ́ọ̀lù fún un nígbà 370. Ó fi sá 1,480 yáàdì. Kò sẹ́ni tó sá tó o ní NFL lọ́dún náà. Èyí tí wọ́n jù tó hán ní gbogbo sáà yẹn kò ju méjì lọ. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kàn án, àárín èrò ló ń gbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, yáàdì mẹ́rin tó ń rí nínú eré kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó gbé bọ́ọ̀lù sá, wálẹ̀ sí 3.3, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 805. Lẹ́yìn sáà 1992, ó parí.

Jay Ajayi ní tirẹ̀ mọ iṣẹ́ méjèèjì. London ni wọ́n ti bí i ní 1993, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ní Boise State lọ́dún 2014, ó sá 1,823 yáàdì, ó sì hán bọ́ọ̀lù 50 fún 535 yáàdì mìíràn. Kò tíì sí ẹni tó kó 1,800 àti 500 pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú sáà kan ní ìpele òkè bọ́ọ̀lù yunifásítì. Nígbà tí Miami Dolphins máa fi fún un níṣẹ́ gidi ní 2016, nígbà 260 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un, àmọ́ 27 péré ló hán. Wọ́n sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n hán di ẹni tó ń já àárín èrò ṣáá. Ó sá 1,272 yáàdì, ariwo sì sọ. Nígbà tó di 2017, eré 138 tó sá fún wọn kò mú ju 465 yáàdì wá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Philadelphia Eagles. Níbẹ̀, òun, LeGarrette Blount àti Corey Clement jọ pín iṣẹ́ náà, ó sì fi eré 70 sá 408 yáàdì. Nígbà tí wọ́n gba Super Bowl, àṣekágbá NFL, ní oṣù Kejì 2018, eré mẹ́sàn-án ni ti Ajayi, yáàdì 57. Clement ló hán tirẹ̀ fún 100 yáàdì.

Ẹnìkan lè ní àwọn géńdé tó ń lànà fún un ní Philadelphia ló dára ju ti Miami lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn géńdé yẹn kan náà ni Blount sá sí ní sáà yẹn, 4.4 yáàdì ló sì ń rí, nígbà tí Ajayi ń rí 5.8.

Àtakò tó le jù ni ti running back mìíràn, Christian McCaffrey. Ó hán bọ́ọ̀lù ju Okoye àti Ajayi lọ, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò gbà á. Ní 2019 ó sá nígbà 287, ó sì tún hán 116. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ló rí gbá ní 2020, méje ní 2021. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: wọn kò yọ ohunkóhun kúrò lórí rẹ̀, ńṣe ni wọ́n gbé híhán lé sísá. Ẹ wá fi wé Marshall Faulk. Ní 1998, Indianapolis Colts fún un ní eré 324, ó sì hán 86. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí St. Louis Rams, wọ́n sì dín eré rẹ̀ kù sí 253, nígbà tí híhán rẹ̀ dúró sí 87. Yáàdì rẹ̀ pọ̀ sí i ní apá méjèèjì: 1,381 nínú sísá àti 1,048 nínú híhán. Rams gba Super Bowl ní òpin sáà náà, Faulk sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní 2000. Èmi kò rí ẹ̀rí tó mọ́lẹ̀ tó èyí.

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan yóò ní running back kì í gbóná àfi tó bá ti sá dáadáa, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2016, ní Buffalo, ìgbà tí àkókò ti lé ni Ajayi sá 57 yáàdì lẹ́ẹ̀kan náà, Miami sì borí. Ẹ̀rí ọjọ́ kan nìyẹn. Òfin sáà kọ́.

Orúnkún Ajayi ti bàjẹ́ láti 2011, n kò sì ní sọ pé iṣẹ́ Miami ló já iṣan orúnkún rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2018. Àmọ́ ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ àléébù orúnkún rẹ̀, tí wọ́n torí ẹ̀ fi í sílẹ̀ dé ìpele karùn-ún níbi tí wọ́n ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun kí wọ́n tó mú un ní 2015, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣírò fún. Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tiẹ̀ parí nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń gbàtọ́jú. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló tún rí gbá ní 2019, ọmọ ọdún 26 ni, NFL sì parí fún un. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ lo èèyàn fún ọdún mẹ́rin kò ní ìdí púpọ̀ láti ṣàánú ọdún karùn-ún rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé ni kí aṣojú ọmọ náà ti bi wọ́n pé: bí ẹ bá fẹ́ kó máa hán, eré mélòó lẹ máa yọ kúrò lórí rẹ̀, ta lẹ sì máa gbé e fún?