Ìrànwọ́ Tí Kì Í Dáwọ́ Dúró

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ọdọọdún wa)

 

Àwa tí a gbé inú ọgbà ilé-ìwé mọ bó ṣe máa ń rí tí gààrí bá tán nínú àpótí, tí ọjọ́ àbẹ̀wò sì tún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ẹbí tí ogun lé kúrò nílé ní Borno, àmọ́ tiwọn ò ní ọjọ́ àbẹ̀wò.

Ọdún 2009 ni ìjà Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri. Nígbà tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní oṣù kẹrin 2014, gbogbo ayé ló bá wọn ké. Ariwo ti lọ sílẹ̀, ebi ò lọ. Ní oṣù keje 2025, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kìlọ̀ pé owó ti ń tán, pé ènìyàn mílíọ̀nù 1.3 ní Àríwá-Ìlà-Oòrùn lè má rí oúnjẹ gbà mọ́.

Ẹnìkan lè ní, ṣé wọn ò lè padà sóko ni? Ẹ rántí Zabarmari. Ní oṣù kọkànlá 2020, àwọn tó ń kórè ìrẹsì lọ́wọ́ ni wọ́n pa níbẹ̀, wọ́n lé ní 40. Bẹ́ẹ̀, láti 2021 ni ìjọba Borno ti ń ti àwọn àgọ́ Maiduguri pa, tí wọ́n ń dá àwọn ènìyàn padà sílùú wọn. Ẹni tó padà délé tí ẹ̀rù ò jẹ́ kó kọjá ẹ̀yìn ìlú, kí ni yóò kórè?

Àpò ìrẹsì ọdún Kérésì tàbí Iléyá dára, a sì máa ń ya fọ́tò sí i. Ọjọ́ mélòó ni yóò lò nínú ilé ènìyàn mẹ́jọ?

Àbá mi rèé. Dípò ká ran ọmọ 60 lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ ká mú ọmọ mẹ́fà, ká san owó ilé-ìwé wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, láti JSS 1 títí wọn ó fi jókòó WAEC. Kí ìyá wọn rí owó irúgbìn gbà ní oṣù karùn-ún, kí òjò tó dé. Kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan máa dá owó kékeré lóṣooṣù, kí akápò sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sí wa létí. Ọmọ tí a bá já sílẹ̀ ní JSS 2, a ti kọ́ ọ pé ìlérí àgbà kì í pẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ò kọ́ wa ní táàmù kan kẹ́ ẹ fi wá sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

 Ọlọ́run á tún jẹ́ ká pé jọ lọ́dún tó ń bọ̀.