Ẹran Tí Ń Hù Nínú Àpò Ìtọ̀

Àìsàn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba ènìyàn tó bí àìsàn náà fúnra rẹ̀. Àtọ̀sí ajá ni àwọn àgbà ń pè é. Nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ti àtọ̀sí tí tọkùnrin tobìnrin ń kó ran ara wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ ní ìparí ìtọ̀ rẹ̀ a máa fi pamọ́. Ti ọmọbìnrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n lè fẹ̀sùn ìṣekúṣe kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìṣekúṣe nínú ọ̀ràn yìí rárá. Inú omi ni wọ́n ti ń kó o.

Kòkòrò ni ó ń fà á. Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí i ní ìlú Káírò ní ọdún 1851. Ara ìṣáwùrú kékeré kan ni ọmọ kòkòrò náà ti ń jáde sínú omi, a sì gba awọ ara wọlé lára ẹni tí ń wẹ̀ tàbí tí ń fọṣọ. Bí ó bá dàgbà, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni abo rẹ̀ sì ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà ní ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Òmíràn a bá ìtọ̀ jáde. Òmíràn a há sí ara àpò náà.

Níbi tí ẹyin bá há sí ni ẹran ti ń hù. Ara a gbógun ti ẹyin náà, ibẹ̀ a wú, títí yóò fi yọ sínú àpò bí èso kékeré tí ó so rọ̀ lára igi. Ẹran yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó tètè ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ó bá sì dí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà ti inú kíndìnrín bọ̀, kíndìnrín a bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ láìsí ariwo. Bí ó bá pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyin tí ó ti kú a dà bí iyanrìn lára àpò. Nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ gidi ti lè bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa nítòsí Abẹ́òkúta, ní àwọn abúlé etí omi Ọ̀yán, odò tí wọ́n sé, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní 1983.

Oògùn praziquantel ń pa kòkòrò náà. Bí ó bá tètè dé, ẹran náà a máa kéré lọ. Ìtọ̀ tí ènìyàn bá tọ̀ láàárín agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán ni kí ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ìgbà náà ni ẹyin ń jáde jù. Ẹni tí ó bá padà sínú omi kan náà lè tún kó o, àyẹ̀wò mìíràn a sì di dandan.