Ìwé Ìbí Ọmọ Wa Kò Gbọdọ̀ Purọ́

 

Ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya tí wọ́n gba ìtọ́jú IVF kí wọ́n tó bímọ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọdún 1978 ni wọ́n bí Louise Brown, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà yìí bí láyé, ní ìlú Òyìnbó. Ní 1989, àwọn dókítà tiwa náà ṣe é ní LUTH l'Ékòó. Hánà náà sunkún kó tó rí Sámúẹ́lì, kò sì fi í pamọ́ fún Élì.

Kí ni ká wá kọ sínú ìwé ìbí? Òfin ọdún 1992 ní ká forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, NPC. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ àti ibi tí a bí i, orúkọ bàbá àti ìyá ni wọ́n máa ń béèrè. Kò sí àyè ìtọ́jú níbẹ̀, nítorí náà ẹ má fòyà.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ní 2024, BBC Africa Eye tú àṣírí àwọn kan ní Anambra. Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tí ń wọ́mọ, wọ́n ń fún wọn ní oògùn tí ń mú ikùn wú, wọ́n á wá gbé ọmọ ọlọ́mọ lé wọn lọ́wọ́. Ìwé ìbí tí a bá gbà lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Ìyá kan ń sunkún níbì kan! Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́, kó gba ọ̀dọ̀ ìjọba àti ilé-ẹjọ́.

Bó bá jẹ́ ẹyin tàbí àtọ̀ ẹlòmíràn ni dókítà lò ńkọ́? Ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín ní ilé ìwòsàn, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọmọ náà bó bá ti gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń béèrè jínótáìpù kí wọ́n tó so yìgì. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AA, tí ọmọ wá jẹ́ AS, ó lè rò pé ìyá òun ṣe panṣágà. Bákan náà, a máa ń wádìí ìdílé kí ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá má baà fẹ́ra wọn. Báwo la ṣe fẹ́ wádìí ohun tí a ti bò mọ́lẹ̀? Ní ìlú Òyìnbó, ọmọ tí wọ́n fi àtọ̀ tàbí ẹyin ẹni tó fi í sílẹ̀ láti April 2005 bí lè béèrè orúkọ onítọ̀hún bó bá pé ọdún 18.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ààfin Fáráò ni Mósè dàgbà sí, síbẹ̀ ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa náà mọ̀ láti ẹnu wa.

Olúwa yóò fi ọmọ dá àwọn tí ń wò ó lójú lọ́lá. Àmín.