Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé Iṣẹ́ Rédíò

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ tí a rán lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ní 1971 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àjọ yìí fi gbé ètò SIWES kalẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ojú iṣẹ́ kí ó tó gba oyè. Ní Akoka, ní Yaba, Yunifásítì Èkó ní ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀, 103.1 FM. Ọ̀nà kò jìn láti yàrá ẹ̀kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ní irú ibi bẹ́ẹ̀? Yàrá tí a dí kí ariwo má baà wọlé, aago ara ògiri, àti iná pupa tí ó ń kìlọ̀ pé ohùn ti ń lọ sórí afẹ́fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìròyìn fi ń wọlé. Ẹnìkan yóò tú u sí Yorùbá, ẹlòmíràn yóò kà á. Bí àkókò bá há, àmì ohùn ni a kọ́kọ́ ń fò dá.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Ká ní àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, tí ìròyìn sì ní ìjọba yóò kó oògùn wọ Mushin lọ́la. Ẹni tí ń kánjú tẹ̀ ẹ́ kọ “ogun”, kò fi àmì sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí ó kà á kà á bí ó ti rí i: ìjọba yóò kó ogun wọ Mushin. Ìyá ọlọ́jà tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú yóò gbé e sá.

Láti ìgbà tí rédíò oníwáyà ti dé Èkó ní 1935 ni ohùn ti ń bá àwọn ènìyàn nínú ilé. Orúkọ tí Yorùbá fún un, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá a mu. Lónìí, olùgbọ́ lè fi fóònù pe àwọn ètò kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá òǹkàròyìn dúró láti bi í pé, “Oògùn ni àbí ogun?”

Àwọn kan yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má fọwọ́ kan ìròyìn rárá. Kí ó máa ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá, kí wọ́n sì buwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bí oṣù bá pé. Èyí náà kò tọ́. Ẹni tí kò di kọ̀ǹgọ́ mú rí kò lè lu dùndún.

Ohun tí ó yẹ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jókòó ti atúmọ̀ èdè, kí ó máa fi àmì ohùn sí ìròyìn. Lẹ́yìn náà, kí ó kà á sókè sí etí àgbà òǹkàròyìn, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ àṣìṣe rẹ̀. Ìgbà tí ó bá yege ni kí wọ́n fún un ní ìkéde kúkúrú kà lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tiyín ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ilé iṣẹ́ rédíò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ tí àmì ohùn ń ṣe.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.