Ìtọ́jú Kò Gbọdọ̀ Dúró De Ìwé

Àwọn kan ń bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ wa nínú ọ̀rọ̀ sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n fipá bá lò. Ó kàn wá. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ sì ni sójà, àfi pé òun kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń pinnu bóyá ẹjọ́ rẹ̀ yóò dé kóòtù, títí di ìparí ọdún 2023 tí wọ́n gba àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Ta ni yóò wá fẹjọ́ sùn?

Ní 1992 ni òfin ní kí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ajagun-fẹ̀yìntì máa ran irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́; ní 1994 wọ́n fi ọkùnrin kún un. (Ọkùnrin náà ni o, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Lónìí, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú náà, ti ara àti ti ọkàn. Wọn kì í béèrè bóyá o fẹjọ́ sùn nígbà náà, wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí.

Ohun tí àwa náà fẹ́ nìyẹn. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ti àjọ ILO láti 2022, síbẹ̀ kílíníìkì iṣẹ́ wa ṣì ń béèrè ìwé ọ̀gá. Ìwé tí a kọ sí àwọn aláṣẹ wà lọ́dọ̀ akọ̀wé; ẹ wá fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ.