Ṣóńṣó Òkè Tí A Kò Dé

A ní kí èmi tí mo ń gbé ní Douala sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìbárìn. Òkè kan ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí ojú ọ̀run bá mọ́ ní Douala, a máa ń rí Òkè Kamẹrúùnù ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ó ga ju 4,000 mítà lọ. Kò sí òkè tí ó ga tó o ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òkè oníná ni. Iná tú jáde nínú rẹ̀ ní 1999 àti ní 2000. Láti 1973 ni àwọn sárésáré ti ń bá ara wọn díje níbẹ̀: wọn a gbéra ní Buea, wọn a dé ṣóńṣó, wọn a sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Èyí ni ó tan àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin jẹ ní January 2014. A ti wo eré wọn, ṣùgbọ́n a kò wo ọ̀pọ̀ oṣù tí wọ́n fi múra. A sùn ní Buea, a sì gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa àti afinimọ̀nà kan. A la igbó kìjikìji kọjá, a bọ́ sí pápá gẹrẹgẹrẹ. Nígbà tí a dé ahéré kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ̀kan nínú wa, ó ń bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ranlẹ̀ mọ́. Àwa kan wí pé kí ó jókòó dè wá. Mo jẹ́wọ́ pé èmi wà lára wọn.

Afinimọ̀nà mi orí. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ kò tó ènìyàn lókè yìí. Ẹni tí òkè bá mú, ìsàlẹ̀ ni oògùn rẹ̀."

A bá yí padà. Nígbà tí a dé inú igbó, aláìsàn wa béèrè oúnjẹ.

Mary Kingsley, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, dé ṣóńṣó òkè náà ní 1895, ṣùgbọ́n kùrukùru ni ó bá níbẹ̀. Èmi kò dé ibẹ̀ rárá, síbẹ̀ mo lè wo ojú ọ̀rẹ́ mi láìtijú.

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ ẹni tí ó kẹ́yìn ni òṣùwọ̀n ìrìn ẹgbẹ́. Kí ẹ̀ka tí ó lágbára má ṣe fi èyí tí ó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.