Ọrẹ Àtinúwá Kì í Ṣe Owó Orí



Ní 1901, àwọn ọmọ ìjọ kan jáde kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, nílùú Èkó yìí, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Wọn kò mú ilé ìsìn dání. Rose Cottage ní Marina ni wọ́n ti kọ́kọ́ jọ́sìn. Ọrẹ tí kálukú mú wá tinútinú ni wọ́n fi gbé ìjọ ró.

Àwa alábẹ̀wò ń rí àwọn akápò tí ń yọ owó ìrànlọ́wọ́ nínú owó ìfowópamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ láìgbàṣẹ. Èyí kì í ṣe ọrẹ. Ẹ bi olúwarẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé ọ̀tọ̀. Ẹ ka ìṣirò rẹ̀ ní ìpàdé. Ẹ má fojú tín-ín-rín ẹni tó mú díẹ̀ wá: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè.